Eré Òkúta ní Hor Al Anz

Kò sí bàtà lẹ́nu ọ̀nà Mùlíkàt. Nínú ilé gíga tó ń gbé ní Hor Al Anz, ní Dubai, gbogbo ẹnu ọ̀nà tó kù ló ní bàtà níwájú: sálúbàtà àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, bàtà líle àwọn tó ń kọ́lé, bàtà ọmọdé kan tó ti ya lẹ́nu. Ní tirẹ̀, báàfù oníke kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Bí ọmọ kan bá wọlé láàárọ̀, á bọ́ bàtà, á kó o sínú báàfù, á sì fi aṣọ ìnura bò ó. Ìyẹn ni ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ní kíláàsì náà. Àwọn ọmọ rò pé ìmọ́tótó ni.

Tíṣà ni Mùlíkàt. Ó ti kọ́ni ní Ìkòròdú kó tó dé Dubai. Kíláàsì kìíní ni wọ́n máa ń gbé fún un lọ́dọọdún, nítorí kì í pariwo, kì í sì í tètè bínú. Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, ló ti kọ́kọ́ ríṣẹ́, ní jẹ́lé-ó-sinmi kan tí wọ́n kun ògiri rẹ̀ ní àwọ̀ ewé. Kò pẹ́ tí ẹni tó ni ibẹ̀ fi tì í pa, tó padà sí ìlú rẹ̀. Iléèwé mìíràn kò gba Mùlíkàt, nítorí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò ní òǹtẹ̀ tí wọ́n ń béèrè. Láti ìgbà náà, orí visa ọkọ rẹ̀ ló wà. Ṣùáíbù lorúkọ ọkọ náà. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní Jebel Ali ló ti ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ sì máa ń wá gbé e kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bẹ̀rẹ̀ kíláàsì náà. Mùlíkàt lọ dirun ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Al Rigga. Abísọ́lá, ọ̀dọ́bìnrin ará Adó-Èkìtì tó bá a di í, ní ọmọbìnrin kékeré kan tó jókòó sábẹ́ tábìlì, tó ń wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn.

"Kí lorúkọ ẹ, ìyá mi?" Mùlíkàt bi í.

Ọmọ náà wò ó.

"Inúolúwa ló ń jẹ́," Abísọ́lá dáhùn. "Kì í sọ̀rọ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n."

"Ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ara rẹ̀ yá. Gbogbo nǹkan ló ń gbọ́." Abísọ́lá ya irun kan sọ́tọ̀, ó fà á le. "Èmi ni mo ní kó má sọ̀rọ̀."

Ó ṣàlàyé, ó rọra ń sọ ọ́ kí àwọn oníbàárà yòókù má baà gbọ́. Visa ọmọ náà ti parí, kò sí iléèwé tó lè gbà á. Yàrá kan ni àwọn méjèèjì ń gbé nínú ilé tí èrò pọ̀ sí. Àwọn yàrá tó kù jẹ́ ti àwọn ọkùnrin tó ń san owó bedspace, owó ibùsùn kan péré, ẹni tó wọlé lónìí lè kó jáde lọ́la. Láràárọ̀, Abísọ́lá á ti ọmọ rẹ̀ mọ́ yàrá, á fi omi, bisikíìtì àti fóònù àtijọ́ kan sílẹ̀ fún un. Á ní: Má sọ̀rọ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀ pé o wà níbí. Bí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, má dáhùn.

"Ó gbọ́ràn," Abísọ́lá wí. "Ó gbọ́ràn débi pé tí mo bá dé pàápàá, kì í dá mi lóhùn mọ́."

Abísọ́lá di irun náà tán. Mùlíkàt dìde, ó ní, "Mú un wá fún mi lọ́la."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tàn láàárín àwọn ìyá. Obìnrin kan tó máa ń ra ọjà ní Deira láti fi ránṣẹ́ sí Èkó mú ọmọ rẹ̀ Ọpẹ́mipọ̀ wá. Tọkọtaya kan tó ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Jebel Ali mú ọmọ wọn Gift wá. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé wọn. Kí oṣù díẹ̀ tó kọjá, yàrá tí Mùlíkàt àti ọkọ rẹ̀ ń pè ní pálọ̀ ti kún fún ẹní, bọ́ọ̀dù funfun kan sì wà lára ògiri.

Ṣùáíbù dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ṣí fìlà.

"Ẹ káalẹ́ o, Headmistress. Ṣé bẹ́ẹ̀lì ti lù? Ṣé kí n wọlé, àbí kí n lọ kúnlẹ̀ sí ẹ̀yìn kíláàsì?"

"Kúnlẹ̀ síbẹ̀. O pẹ́ dé."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ lójú rẹ̀. "Mùlíkàt, tí wọ́n bá ká wa mọ́ ọn ńkọ́?"

"Ọmọ là ń bá wọn tọ́jú."

"Ọmọ títọ́jú kọ́ nìyí. Ọmọ títọ́jú kì í ní bọ́ọ̀dù. O mọ̀ pé èèyàn ò lè dá iléèwé sílẹ̀ níbí láìgbàṣẹ. Wọ́n á kó èmi àti ẹ padà sílé ni."

"Mo mọ̀."

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ ló ra bàlúùnù bọ̀, pẹ̀lú aṣọ gígùn kan tí wọ́n kọ Happy Birthday sí. Ó ká aṣọ náà kọ́ sókè bọ́ọ̀dù àti a, b, d tó wà lára ògiri, lọ́nà tí wọ́n á fi lè fà á wálẹ̀ bò wọ́n kíákíá. Ó gé bébà fi ṣe adé. "Ẹnikẹ́ni tó bá béèrè," ó wí, "ọjọ́ ìbí là ń ṣe."

Bàlúùnù náà kò kúrò lára ògiri láti ìgbà náà. Bí wọ́n bá ti ń rọ, Ṣùáíbù á tún fẹ́ afẹ́fẹ́ sí wọn.

"Tíṣà, ọjọ́ ìbí ta ni lónìí?" Gift máa ń béèrè.

"Ti gbogbo wa."

"Kéèkì wá dà?"

"Ó ń bọ̀."

"Àná náà lẹ ní ó ń bọ̀."

Mùlíkàt kọ́ wọn ní ohun tó ti ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ní Ìkòròdú. Wọ́n fi ìdérí ìgò ṣe ìṣirò. Wọ́n ya ilé wọn, wọ́n kọ orúkọ ara wọn sábẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọrin ní ohùn jẹ́jẹ́, wọ́n sì ń pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú ìka méjì méjì, nítorí ògiri ilé náà kò nípọn. Lójú Mùlíkàt, ìkíni ni olórí gbogbo rẹ̀. Àwọn ọmọ wọ̀nyí ti ń gbàgbé rẹ̀. Àgbà á wọlé, wọ́n á na ọwọ́ sókè, wọ́n á ní "Hi," wọ́n á máa bá eré wọn lọ. Ó gbé ìlànà Ìkòròdú kalẹ̀ fún wọn. Bí àgbà bá wọlé, ọmọ tó bá kọ́kọ́ rí i á dìde, á ní, "Ẹ kí wọn!" Gbogbo kíláàsì á dìde lẹ́ẹ̀kan náà: "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ káàbọ̀, mà. Ọlọ́run á bù kún yín, mà." Wọn kò ní jókòó títí àgbà náà á fi ní kí wọ́n jókòó. Lẹ́yìn náà, "Ẹ ṣé, mà," wọ́n á jókòó, wọ́n á ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Ibẹ̀ ni ohùn Inúolúwa ti padà. Ìyá Ọpẹ́mipọ̀ ló wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Kí ẹnikẹ́ni tó rí i, ohùn kékeré kan tí Mùlíkàt kò mọ̀ rí wí pé, "Ẹ kí wọn." Ó yíjú láti mọ ẹni tó sọ̀rọ̀. Inúolúwa ló wà lórí ìdúró nídìí ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Kò sí ọmọ tó bá a du ú. Nígbà tó yá, ó ń ka ìdérí ìgò sókè. Nígbà tó tún yá, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ tí kò ní èsì.

Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe ẹ̀kọ́ ohun ẹlẹ́mìí àti ohun aláìlẹ́mìí, Mùlíkàt gbé òkúta kan sórí tábìlì, ó sì gbé hóró ẹ̀wà kan sórí òwú tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní ẹ̀wà á hù, á mu omi, á yí ojú sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Òkúta kì í jẹ, kì í mu, kì í dàgbà, kì í dáhùn.

"Tíṣà," Inúolúwa wí, "tí òkúta bá ń gbọ́ ńkọ́, tó kàn ń dákẹ́?"

Mùlíkàt wo òkúta náà. Ó ní kí wọ́n wá bomi rin ẹ̀wà.

Inú ẹ̀kọ́ yẹn ni eré òkúta ti jáde. Nígbà mìíràn, lífíìtì á dúró ní àjà tiwọn, ẹsẹ̀ àjèjì á máa bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Mùlíkàt á gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Bí wọ́n bá ti rí i, gbogbo ọmọ á di òkúta níbi tó wà. Ó fún wọn ní òfin kan. "Ẹ má gba ohùn gbọ́. Ẹnikẹ́ni lè dúró níta kó ní eré ti parí. Ọwọ́ mi ni kí ẹ máa wò. Títí ẹ ó fi rí i tí ọwọ́ mi sọ̀ kalẹ̀, òkúta ni yín."

Abísọ́lá bá wọn níbẹ̀ lọ́jọ́ kan tó wá mú ọmọ rẹ̀. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọwọ́ méjèèjì lórí kẹ̀? Ẹni tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ ló ń káwọ́ lérí. Ẹ ò wá àmì míì?"

"Eré lásán ni, Abísọ́lá."

"Mo mọ̀ pé eré ni. Kò kàn dáa lójú mi."

Mùlíkàt ronú láti yí i padà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti mọ̀ ọ́n. Ọpẹ́mipọ̀ máa ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀, imú Gift máa ń yún un. Inúolúwa nìkan ni kì í ṣẹ́jú. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n kan ẹ̀kọ́ àwọn tó ń ràn wá lọ́wọ́. Ọdọọdún ló máa ń kọ́ ọ. Ó lẹ àwòrán mọ́ bọ́ọ̀dù: nọ́ọ̀sì, panápaná, ọlọ́pàá, ọkùnrin kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ tó sì gbé káàdì kọ́rùn.

"Bí a bá rí irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí la ó ṣe?"

"A ó kí wọn!"

"Ṣé a ó bẹ̀rù wọn?"

"Rárá o, Tíṣà!"

Nínú orí ọmọ ọdún mẹ́fà, kò sí ògiri láàárín ẹ̀kọ́ kan àti èkejì. Inúolúwa ń ka ewé ẹ̀wà bíi pé ìṣirò ni. Ó ń bi ọlọ́pàá inú àwòrán bóyá ó ti jẹun. Mùlíkàt ń gbọ́ ọ, inú rẹ̀ ń dùn.

Ọkùnrin tó ń ṣọ́ ilé náà, tí gbogbo èèyàn ń pè ní Bhai, ìyẹn arákùnrin ní èdè rẹ̀, gòkè wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó fi ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tó ní sọ fún Mùlíkàt pé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé wò ti dé ilé kejì. Àwọn tó fi pákó pín yàrá sí wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń wá. "You no problem," ó wí. Lẹ́yìn náà ó wo ilẹ̀, ibi tó yẹ kí bàtà wà tí kò sí. "Small baby plenty," ó tún wí. Kò wo ojú rẹ̀. "Khalas, sister. Little stop." Ó ní ó tó, kó dáwọ́ dúró díẹ̀.

Ṣùáíbù gbọ́ ọ nírọ̀lẹ́. "Sinmi lọ́sẹ̀ yìí," ó wí. "Kí wọ́n kọjá ná. Mo bẹ̀ ọ́."

Mùlíkàt pe àwọn ìyá lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbà. Ó fi Abísọ́lá ṣe ìkẹyìn.

"Ṣé o lè mú un dání lọ síbi iṣẹ́?"

"Ọ̀gá mi ti ní òun ò gbọdọ̀ rí i níbẹ̀ mọ́."

"Ní ilé ńkọ́? Ọjọ́ díẹ̀ péré."

Abísọ́lá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èrò tuntun ti dé yàrá kejì. Ọ̀kan nínú wọn máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Tí mo bá ṣílẹ̀kùn, á ní òun ń wá ṣáyà fóònù. Nígbà tí ọmọ yìí ò sọ̀rọ̀, ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀. Ní báyìí tó ti ń sọ̀rọ̀..."

Mùlíkàt kò ti kíláàsì pa. Kò lè ní kí Inúolúwa nìkan máa wá; ọmọ kan kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Ó tún pe àwọn ìyá náà padà, ó ní kí wọ́n máa mú àwọn ọmọ bọ̀.

Aago ilẹ̀kùn dún láàárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí wọ́n ń ya ewé ẹ̀wà. Mùlíkàt gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Àwọn ọmọ di òkúta. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gbá aṣọ Happy Birthday wálẹ̀ bo bọ́ọ̀dù, ó fi ọwọ́ kan gbé adé bébà lé Gift lórí, èkejì kò kúrò lórí òun fúnra rẹ̀, ó jáde lọ ṣílẹ̀kùn.

Àgbàlagbà ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, irùngbọ̀n rẹ̀ ti funfun, káàdì wà lọ́rùn rẹ̀. Bhai wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀. Ọkùnrin náà kí i pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó wo ilé ìdáná, ó fi ìka kan ògiri, ó wo yàrá ibùsùn. Ó béèrè iye ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Mùlíkàt ní òun àti ọkọ òun ni. Ó ní àwọn ọmọ wá ṣe ọjọ́ ìbí.

"Ọjọ́ ìbí, láàárọ̀?" ọkùnrin náà fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè.

"Àwọn ìyá wọn ń lọ síbi iṣẹ́ tó bá di ọ̀sán."

Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti padà sórí. Ọkùnrin náà wò ó, ó wo àwọn ọmọ: ọ̀kan na lẹ́ẹ̀dì sókè, ọ̀kan la ẹnu, ọ̀kan dé adé. Kò sí ẹni tó mira. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ọmọ ọmọ òun náà fẹ́ràn eré yìí, pé kì í lè dúró pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó wo bàlúùnù. Ó tẹ orí rẹ̀ ba. Iṣẹ́ rẹ̀ ti parí níbẹ̀. Bhai ti yí ẹsẹ̀ padà sí ọ̀nà lífíìtì.

Ọkùnrin náà ti ọwọ́ bọ àpò, ó mú súìtì díẹ̀ jáde. Ó nà án sí Mùlíkàt. "Fún ọlọ́jọ́ ìbí," ó wí.

Bí wọ́n ṣe tọ́ Mùlíkàt nílé ni pé bí àgbà bá fún ni ní nǹkan, ọwọ́ méjèèjì la fi ń gbà á. Kò rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, orúnkún rẹ̀ tẹ̀, ó gba súìtì náà.

Àwọn ọmọ rí i tí ọwọ́ rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Inúolúwa ló kọ́kọ́ mira. Ó wo ọkùnrin náà, ó wo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó wo káàdì ọrùn rẹ̀. Ó dìde.

"Ẹ kí wọn!"

Gbogbo wọn dìde. "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀, sà. Ọlọ́run á bù kún yín, sà."

Ọkùnrin náà kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó mọ ohùn kíláàsì. Ẹ̀rín rẹ̀ dúró sójú, lẹ́yìn náà ó rọra kúrò. Ó ń retí kí àwọn ọmọ padà sídìí eré wọn. Wọn kò padà. Wọ́n dúró, apá wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, wọ́n ń wò ó. Adé ti fẹ́ẹ̀ bọ́ sí Gift lójú. Kò gbé e.

"Sit down," ọkùnrin náà wí. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń dán nǹkan wò.

"Ẹ ṣé, sà." Wọ́n jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Ó rìn lọ sídìí ògiri. Ó fi ìka kan gbé etí aṣọ Happy Birthday sókè, ó wo ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀ bó ṣe wà.

"Madam, ṣé tíṣà ni yín?"

Mùlíkàt kò dáhùn. Òkúta kan ṣoṣo ló kù nínú yàrá náà.

"Tíṣà," Inúolúwa wí. Ohùn tí Mùlíkàt fi máa ń bá wọn wí ló lò, láìsí ìkanra nínú rẹ̀. "Wọ́n ń bá yín sọ̀rọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," Mùlíkàt wí.

Ọkùnrin náà mi orí. Ó ní ọmọ dáadáa ni wọ́n, ó sì hàn pé ó gbà bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó jáde síta lọ pe ẹnì kan lórí fóònù.

Nígbà tí àwọn ìyá wá, kò sí ẹni tó pariwo. Wọ́n ń yọ bàtà nínú báàfù, wọ́n ń wọ̀ ọ́ fún ọmọ, wọ́n ń lọ. Inúolúwa ló kẹ́yìn. Ó fa aṣọ Mùlíkàt.

"Tíṣà, ṣé mo kí wọn dáadáa?"

"O kí wọn dáadáa."

"Ṣé wọ́n á padà wá?"

"Wọ́n á padà wá."

Wọn kò ti Mùlíkàt àti Ṣùáíbù mọ́lé. Wọ́n ránṣẹ́ pè wọ́n, wọ́n bi wọ́n ní ọ̀rọ̀, wọ́n tún ránṣẹ́ pè wọ́n. Ilé iṣẹ́ Ṣùáíbù kò fẹ́ kí orúkọ wọn wọ ọ̀rọ̀ náà, wọ́n ní kó máa lọ. Visa rẹ̀ lọ, ti ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ lé e. Ṣùáíbù kò bá a wí. Ó kàn jókòó sílẹ̀ nírọ̀lẹ́, ó ń tú ìdí bàlúùnù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọn jáde sí i lọ́wọ́.

Ó ku ọ̀la kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfuurufú nígbà tí Abísọ́lá pè. Ó ń rọra sọ̀rọ̀ láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n, ó ń kí wọn."

"Ta ló ń kí ta?"

"Inúolúwa. Láti inú yàrá. Gbogbo ẹsẹ̀ tó bá kọjá lẹ́nu ọ̀nà ló ń kí. Mo bẹ̀ ẹ́, mo nà án. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́ òun." Ó mí kanlẹ̀. "Ọkùnrin oníṣáyà yẹn ti ń dá a lóhùn. Ó dúró síta, ó bi í lórúkọ, ọmọ náà sì sọ ọ́ fún un."

"Abísọ́lá, kúrò níbi iṣẹ́."

"Tí mo bá kúrò, kí la fẹ́ jẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀. Mo ti mú kọ́kọ́rọ́ dání, ṣùgbọ́n ẹ kàn dúró lẹ́nu ọ̀nà. Ohùn yín ló máa gbọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹ bá mi kọ́ ọ kó dákẹ́."

Mùlíkàt lọ. Ọ̀sán ti pọ́n, oòrùn wà lórí ọ̀nà Al Rigga bí irin. Wọn kò ti ilẹ̀kùn ìta ilé tí Abísọ́lá ń gbé. Èrò pọ̀ jù kí wọ́n máa tì í. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn, ó ń rùn bí epo tí wọ́n ti dín nǹkan nínú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Sálúbàtà ọkùnrin wà lẹ́nu gbogbo yàrá, àfi ọ̀kan.

Ó rìn lọ síbẹ̀. Kó tó kan ilẹ̀kùn, ó gbọ́ ọ nínú.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀, sà. Ọlọ́run á bù kún yín, sà."

Àárọ̀ ti kọjá tipẹ́, ọ̀sán ni. Yàrá náà kò ní fèrèsé.

"Inúolúwa, èmi ni."

"Tíṣà!" Ohùn náà súnmọ́ ilẹ̀kùn. "Tíṣà, ṣé a fẹ́ lọ kíláàsì?"

"Ó di ọjọ́ mìíràn." Ó fi iwájú orí ti pákó ilẹ̀kùn. "Inúolúwa, a fẹ́ ṣe eré òkúta."

"Èmi nìkan?"

"Ìwọ nìkan. Bí ẹnikẹ́ni bá kọjá, òkúta ni ọ́. Bí wọ́n bá pe orúkọ rẹ, òkúta kì í dáhùn. Ìyá rẹ nìkan ni wàá dá lóhùn, nígbà tó bá ti wọlé tí o rí i."

Ọmọ náà rò ó. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ ní ohun ẹlẹ́mìí máa ń dáhùn."

"Mo mọ̀."

"Ṣé ọwọ́ yín ti wà lórí?"

Mùlíkàt gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí, nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ òkùnkùn náà, níwájú ilẹ̀kùn tí wọ́n tì. "Ó ti wà lórí."

Kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Ilẹ̀kùn kan ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin kan jáde, aṣọ ìnura wà léjìká rẹ̀, ṣáyà fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo Mùlíkàt, ó wo ọwọ́ rẹ̀ tó wà lórí. Ó wo ilẹ̀kùn náà. Ó súnmọ́ ọn, ó fi èékánná họ pákó rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, bí ẹni tó ti mọ ọ̀nà ibẹ̀.

"Inu sleeping?" ó béèrè.

Nínú yàrá, kẹ́kẹ́ pa.

"Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀," Mùlíkàt fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò jiyàn. Ó padà sí yàrá rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀ dé ìdí.

Mùlíkàt sọ ọwọ́ kalẹ̀. Ó pe Abísọ́lá, ó ní kó máa bọ̀ kíákíá, kó jẹ́ kí ọ̀gá rẹ̀ ṣe èyí tó bá fẹ́ ṣe. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn náà. Ìgbà tó jókòó ló tó rántí. Ọmọ náà ti kí i, ó wà lórí ìdúró. Òun kò sọ fún un pé kó jókòó.

"Inúolúwa," ó pè é. "Jókòó."

Ó fetí sí i.

"Jókòó, ìyá mi. Eré ti parí. Ọwọ́ mi ti wà nílẹ̀."

Kò sí "Ẹ ṣé, mà." Kò sí ìró ẹsẹ̀, kò sí ìró aṣọ. Ẹ má gba ohùn gbọ́: òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ wọn. Lọ́hùn-ún, ilẹ̀kùn ọkùnrin náà ṣì ṣí díẹ̀. Mùlíkàt yí etí mọ́ pákó, ó tún sọ ọ́, ó sì ń retí.